Iyọ̀ Ìdí Pèrègún

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ní Àgọ́-Àrẹ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìwé tí mo kà ló kó bá mi. Wọn ò kúkú parọ́. Ìwé ni mo kà, ìwé náà ni mo fi kọ́ àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ohun tí mo kọ́ ọ náà ló sì fi ṣe mí.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ṣakí. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dún tí àbúrò mi fìdí rẹmi nínú báyọ́lọ́jì lẹ́ẹ̀kejì, màámi pè mí lórí fóònù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní kí n mú un sọ́dọ̀ kí ayé ọmọ náà má bàa bàjẹ́. Mo mú un. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní nígbà náà, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa. Orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ló ń sùn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo kírun Àsárì tán, màá jókòó tì í, màá ṣí ìwé.

Orí rẹ̀ pé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í yé e àfi tó bá fojú rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gé iṣu tútù sí gbọọrọ gbọọrọ, ìwọ̀n kan náà, mo kó díẹ̀ sínú abọ́ omi lásán, mo kó ìyókù sínú abọ́ omi iyọ̀. Mo ní kó lọ ṣeré kó padà wá. Nígbà tó dé, iṣu inú omi lásán ti le, ó ń dún pọ́ tí èèyàn bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ ti rọ̀, èèyàn lè ká a mọ́ ìka bí òwú. Ó mú ọ̀kan, ó ká a mọ́ ìka, ó tú u, ó tún un ká.

"Àǹtí mi, ta ló fa omi inú ẹ̀ yọ?"

Mo ṣàlàyé fún un pé iṣu kì í ṣe ohun kan gbòò. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí ló kóra jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wé e. Awọ yẹn ló ń pinnu ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa jáde. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá ní fàlàlà, afẹ́fẹ́ náà ń kọjá. Iyọ̀ ò lè kọjá bẹ́ẹ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, sẹ́ẹ̀lì a sì máa lo agbára láti fa ìwọ̀nba tó bá fẹ́ wọlé. Tí iyọ̀ bá wá pọ̀ níta ju inú lọ, omi tó wà nínú á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sí ẹni tó ń tì í, á kàn máa lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọsimósíìsì nìyẹn. Mo ní bí gbòǹgbò igi ṣe ń mumi náà nìyẹn: ohun tó yọ́ sínú omi inú gbòǹgbò pọ̀ ju tinú ilẹ̀ lọ, omi á sì máa tinú ilẹ̀ wọ inú igi.

 Ó ní, "Tí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá wá pọ̀ ju ti inú gbòǹgbò lọ ńkọ́?"

Háà! Inú mi dùn. Tíṣà wo ló máa gbọ́ irú ìbéèrè yẹn tí orí rẹ̀ ò ní wú? Mo ní omi á yíjú padà ni, ilẹ̀ á máa fa omi inú igi. Mo ní igi ńlá lè gbẹ lórí ìdúró, láìsí àdá, láìsí iná. Ó ní ṣé kéèyàn kàn da iyọ̀ sí i nídìí ni. Mo ní rárá, iyọ̀ gbígbẹ ò ní ríbi wọlé, ó gbọ́dọ̀ yọ́ nínú omi kó tó lè débi tí gbòǹgbò wà. Kó lè dá a lójú, mo da omi iyọ̀ sídìí ata kan tí mo gbìn sínú ike lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ata ti dorí kodò. Ó lóṣòó tì í, ó ń wò ó. Lọ́dún yẹn, ó yege báyọ́lọ́jì. Mo pa adìẹ fún un.

Kò tẹ̀ síwájú nínú ìwé. Ó ní oko wu òun jù, ó bá padà sọ́dọ̀ bàámi ní Àgọ́-Àrẹ.

Bàámi ló pín ilẹ̀ oko wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, nítorí wọn ò fẹ́ ká jà lẹ́yìn wọn. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ ni wọ́n: apá méjì fún ọkùnrin, apá kan fún obìnrin. Mi ò jiyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín in, wọ́n gé ọ̀pá pèrègún méje, torí pèrègún la fi ń ya ààlà lọ́dọ̀ wa, kì í tètè kú, iná oko ò sì lè rẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi ń gbẹ́ ihò, èmi ń na ọ̀pá sí bàámi, màámi dúró lábẹ́ igi igbá, wọ́n gbé oúnjẹ wa dání. Nígbà tí bàámi ki ìkeje bọlẹ̀ tán, wọ́n gbọn eruku ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Tí mo bá kú, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè ilẹ̀ o. Ẹ bi pèrègún." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a jókòó, a jẹun.

Kajú ni mo gbìn sí apá kan tèmi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí kajú yẹn jẹ́ fún mi. Ilé àyágbé là ń gbé ní Ṣakí títí di òní. Mi ò ní ilé, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní ohunkóhun tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, mo lè nawọ́ sí i pé tèmi rèé, àfi ilẹ̀ yẹn. Gbogbo ọlidé ni mo máa ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ihò wọn, èmi ni mo ń roko wọn, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bí ti ọkùnrin. Ìlà mẹ́ta tó sún mọ́ ààlà ló dáa jù, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin. Ọdún tí wọ́n máa kọ́kọ́ so dáadáa, bàámi ti kú lọ́dún méjì ṣáájú.

Níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni àbúrò mi pè mí. Ó ti ní màlúù mẹ́rin nígbà yẹn tó fi sọ́dọ̀ Fúlàní kan.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra iyọ̀ báàgì mẹ́ta ní Ṣakí. Àwọn màlúù mi ni mo fẹ́ fún. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ò dáa."

Mo rà á. Èmi yìí ni mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, báàgì méjì wà lórí táńkì níwájú ọlọ́kadà, ọ̀kan há sáàárín àwa méjì, eruku pupa ojú ọ̀nà sì bò mí títí dé ìpéǹpéjú. Mo tún ra búrẹ́dì fún màámi. Ojú wọn ni mo ṣe já iyọ̀ náà fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ó ní, "Ọlọ́hun á máa ṣe tiyín ní rere, Àǹtí mi." Mo ní àmín. Màámi náà ṣe àmín.

Nígbà tó tó oṣù kan, mo lọ wo bí kajú ṣe ń yọ òdòdó. Pèrègún méjèèje ti rọ. Ewé wọn gbẹ, ó rọ̀ wálẹ̀, awọ igi wọn ń ṣí. Mo kígbe pe àbúrò mi. Ó dé, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o, Àǹtí."

Mo gbà á gbọ́. Èmi tíṣà báyọ́lọ́jì! Pèrègún méje, tí bàámi yàn torí pé ẹ̀ẹ̀rùn ò lè pa wọ́n, rọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń yọ òdòdó, mo sì gbà pé ọyẹ́ ni. Ẹ bú mi, mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bú. Ọmọ ìyá mi ló sọ ọ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní màá pọnmi sí wọn, bóyá wọ́n á sọjí. Màámi tí eékún ń dùn, tí kì í fẹ́ rìn jìnnà mọ́, ni wọ́n dìde pé àwọn á bá mi lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó. Wọn ò gbà. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òróró kan tí wọ́n so okùn pupa mọ́ lọ́rùn lára ògiri ilé ìdáná, wọ́n ṣíwájú mi lọ sódò. Odò ti gbẹ ku ọ̀gbun kan. A bu omi níbẹ̀, a rù ú, wọ́n ń ti ìdí pèrègún kan bọ́ sí ìkejì, wọ́n ń dà á. Mo ní, "Ìyá, ẹ rọra, ẹ sinmi." Wọ́n ní, "Jẹ́ n ṣe é." Àánú wọn ṣe mí. Mo ṣàdúrà fún wọn níbẹ̀, pé Ọlọ́hun á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo padà débẹ̀, mi ò rí pèrègún mọ́. Wọ́n ti hú méjèèje, wọ́n ti sun wọ́n. Pèrègún tuntun ni mo rí, ọ̀pá méje, tútù, wọ́n tò wọ́n sáàárín oko mi. Ìlà kajú mẹ́ta tó dáa jù ti wà ní ọwọ́ ti àbúrò mi.

Ó ní, "Mo ti bá wa gbin òmíràn, kí ààlà má bàa parẹ́."

"Ṣé ibi tí Bàámi gbìn ín sí nìyí?"

"Ibẹ̀ náà ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ gbin kajú kọjá ààlà. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀ nígbà náà." Ojú mi ló ń wò tó fi sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò sì ṣẹ́ rárá.

Mo pariwo, mo ṣépè, mo sunkún. Ó ní òun ń lọ kírun. Ó fi mí sílẹ̀ láàárín oko. Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí agbo màlúù kan ń bọ̀, Fúlàní kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń dà wọ́n. Ṣàdédé ni àwọn tó wà níwájú yà kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n rìn wọnú oko, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń lá ilẹ̀. Àwọn tó kù tẹ̀lé wọn. Fúlàní fi ọ̀pá lé wọn títí, wọn ò lọ.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí. "Iyọ̀ ni wọ́n rí."

"Iyọ̀ ibo?"

"Iyọ̀ wà nínú ilẹ̀ yìí."

Mo wo ibi tí wọ́n dúró sí. Ojú ibi méje ni, wọ́n tò tẹ̀léra gbọọrọ, lórí ìlà tí bàámi là gẹ́lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín màlúù. Mo rántí iṣu tó ká mọ́ ìka. Mo rántí ata. Mo rántí báàgì mẹ́ta àti ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ tí mo fi sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, tí mo bu oúnjẹ àwọn ọmọ mi fún! 

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, inú mi tún dùn díẹ̀. Iyọ̀ tó fi pa ààlà ti fi ojú ààlà hàn. Mo ní, "Bàámi, a bi pèrègún, ó ti dáhùn." Mo gbọn ìdí mi, mo kọrí sílé baálé agboolé wa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni baálé kó gbogbo wa lọ sí oko náà. Wọ́n tọ́ ilẹ̀ wò ní ojú ibi méjèèje, wọ́n tu itọ́. A padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, a jókòó. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún kíláàsì: bí omi ṣe ń wọ inú gbòǹgbò, bí iyọ̀ ṣe ń yí i padà. Baálé ń mi orí. Wọ́n ní, "Ó yé mi. Ta ló wá ra iyọ̀?"

Àbúrò mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n lanu. "Ẹ bi Àǹtí mi, Bàbá."



Ó ní, "Èmi ò kàwé tó wọn. Àwọn ni tíṣà. Àwọn ni wọ́n mọ bí iyọ̀ ṣe ń pa igi, wọ́n fi ata hàn mí rí lẹ́yìnkùlé wọn. Iyọ̀ báàgì mẹ́ta ni wọ́n gbé gba ojú títì kọjá, gbogbo ìlú ló rí wọn. Ibi tó wù wọ́n ni wọ́n dà á sí, kí wọ́n lè wá sọ pé ibẹ̀ ni ààlà wà." Kò fi ọ̀wọ̀ dù mí o. "Wọ́n" àti "àwọn" ló ń pè mí títí tó fi parọ́ mọ́ mi tán.

 Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tí kò fi ra iyọ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ kún ọjà Àgọ́-Àrẹ. Mo ní irọ́ ni, wálàhí, òun ló rán mi. Ó ní ta ló gbọ́. Mo ní màámi gbọ́, ojú wọn ni mo ṣe já a fún un, wọ́n sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàámi gbin pèrègún.

Baálé yíjú sí màámi. "Ìyá, níbo ni olóògbé gbin pèrègún sí?"

Ẹ̀rù ò bà mí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Ìyá tó bí mi ni.

Màámi tún ìborùn wọn ṣe. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Ó ti pẹ́," wọ́n wí. "Mi ò rántí mọ́."

"Iyọ̀ náà ńkọ́?"

"Mo rí i tó gbé iyọ̀ wá. Mi ò mọ ohun tó fi ṣe."

Mo pè wọ́n. Mo ní, "Ìyá!" Wọn ò gbójú sókè. Baálé ní kí ààlà tuntun dúró, kí n ṣe sùúrù, pé ọmọ ìyá kì í torí kajú túká. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ fún baálé, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Mi ò débẹ̀ mọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Nígbà tó rọ̀ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo gun ọ̀kadà lọ, mo dúró lójú ọ̀nà. Agbo màlúù kọjá níwájú mi, wọ́n gba inú oko kọjá, wọn ò dúró níbì kankan. Òjò ti fọ iyọ̀ lọ. Mo ní kí ọlọ́kadà yí orí padà. Ní táàmù yẹn, nígbà tó kan ọsimósíìsì ní kíláàsì, ṣúgà ni mo fi ṣe é. Àwọn ọmọ ń lá ìka.

Lẹ́yìn náà ni màámi wá sí Ṣakí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ kan lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ wà nílé?" Wọ́n gbé àpò kan wá. Kóró kajú ló wà nínú ẹ̀, ó gbẹ, ó tóbi, wọ́n ti ṣà á mọ́.

"Àbúrò rẹ ní kí n gbé e fún ẹ. Wọ́n so dáadáa."

Mo wo àpò náà. Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò rántí?"

 Wọ́n ní, "Ìwọ ń gba owó oṣù, Ìyá Ìbejì. Òun ò ní nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni màá kú sí."

"Ẹ ti mọ̀ kó tó dà á ni, àbí lẹ́yìn tó dà á tán?"

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Ó ní o sọ fún òun pé iyọ̀ gbígbẹ ò ní ríbi wọlé, àfi tó bá yọ́ nínú omi. Odò sì jìnnà. Ẹ̀yìn ń dun ọmọ náà lásìkò yẹn."

"Ta ló wá pọn omi náà, Ìyá?"

Wọ́n nawọ́ sí àpò kajú, wọ́n tún ẹnu rẹ̀ dì. Mo rántí kẹ́ẹ̀gì òróró tó ní okùn pupa lọ́rùn. Mo rántí bí wọ́n ṣe ṣíwájú mi lọ sódò, bí wọ́n ṣe ń ti ìdí pèrègún kan bọ́ sí ìkejì, ìwọ̀n kan náà nídìí kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò bi mí pé mélòó ni kí àwọn dà. Mo rántí pé mo ṣàdúrà fún wọn.